Ìrora Tí Ko Thawat Kò Gbà Gbọ́

Ní àdúgbò wa lẹ́yìn ọjà ìlú Phuket, kò sí ẹni tí kò mọ Ko Thawat; ẹ̀gbọ́n ọkùnrin ni 'Ko' lédè wa. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ló ń tún ṣe létí èbúté, òróró dúdú kì í sì í tán ní èékánná rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kọ́ ló sọ ọ́ di ẹni mímọ̀. Elégùn ni. Láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, bí oṣù kẹsàn-án àwa ọmọ Ṣáínà bá ti wọlé, tí gbogbo wa wọ aṣọ funfun, tí a ò jẹ ẹran, tí a ò jẹ ẹja, òrìṣà rẹ̀, ọ̀gágun ayé àtijọ́ kan, a máa gùn ún. Orí rẹ̀ á máa mì, ojú rẹ̀ á yí padà, ohùn tí kì í ṣe tirẹ̀ á máa jáde lẹ́nu rẹ̀. Ìgbà náà ni wọn á mú ọ̀pá irin kan tó ga ju èmi lọ, wọn á fi gún un ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, á yọ sí tòsì. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe rìn yí ìlú ká láìwọ bàtà, nínú èéfín báńgà tí wọ́n ń yìn, tí kò ní ṣẹ́jú.

Tí òrìṣà bá kúrò, tí wọ́n bá yọ irin, á jókòó, á ní kí wọ́n bu tíì fún òun.

"Ko, ṣé kò dùn yín ni?" làwọn èèyàn máa ń bi í.

"Kí ló máa dùn mí? Mi ò sí níbẹ̀."

Ògiri kan ṣoṣo ló pín ilé wọn níyà sí tiwa. Kanlaya ìyàwó rẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi; ó ń pè mí ní Je Phin, ẹ̀gbọ́n obìnrin ni 'Je'. O-aew ló ń tà níwájú ilé, nǹkan dídùn tó máa ń yọ̀ lọ́nà ọ̀fun yẹn, tí a máa ń da yìnyín àti ẹ̀wà pupa lé lórí. Obìnrin kúkúrú ni, ẹlẹ́rìn-ín, kì í sì í fi ohun tó bá ṣe é pamọ́. Bí ó bá fi ẹsẹ̀ kọ ìloro, gbogbo àdúgbò wa ló máa gbọ́. Mo rántí ọjọ́ kan tí omi ṣúgà gbígbóná dà sí i lọ́wọ́. Ó ké débi pé àwọn oníbàárà sá wá láti òdìkejì títì. Ko Thawat jáde, ó wo ọwọ́ náà, ó ní:

"Ariwo tí ò ń pa yẹn ló ń dùn ẹ́, kì í ṣe omi ṣúgà. Mú ọkàn ẹ kúrò níbẹ̀."

"Ó dáa, Ko," ni Kanlaya fèsì. "Ìyókù wà nínú ìkòkò. Ẹ na ẹsẹ̀ yín wá, kí n da díẹ̀ sí i, ká jọ wo ibi tí ọkàn yín máa sá gbà."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Ko Thawat kò fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ṣe àwàdà. Ó gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Ohun tí ara rẹ̀ ti sọ fún un lọ́dọọdún ni: pé bí èèyàn bá lè yẹra fún ara rẹ̀ díẹ̀, ìrora kò ní rí ẹni tí yóò mú. Ẹni tó bá ń jẹ̀rora, òun ló ṣílẹ̀kùn fún un.

Ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ ń dun Kanlaya. A rò pé àga tó fi ń jókòó tajà ni. Mo fi òróró pa á lára títí, kò lọ. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e dé ọsibítù, àrùn jẹjẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀ lọ́mú ti wọ inú egungun. Àwọn dókítà kò fi bò fún wa. Wọ́n ní kò sí iṣẹ́ abẹ tó lè gbà á, kí a máa tọ́jú rẹ̀ nílé, wọ́n sì fún wa ní ìgò mọfíìn, oògùn olómi tó ń pa ìrora.

Orathai ọmọ wọn, tó ń ṣe tíṣà ní Hat Yai, gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, ó wá sílé. Èmi náà ń yà níbẹ̀ láàárọ̀ láti wẹ̀ ẹ́. N kò ní purọ́ mọ́ Ko Thawat: kò fi ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀. Ó dín iṣẹ́ kù, ó ń se ẹ̀kọ ìrẹsì fún un fúnra rẹ̀, ó ń jókòó tì í, ó ń di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń kọ́ ọ bí èèyàn ṣe ń mí wọlé, tí ó ń mí jáde, tí ọkàn á fi dúró sójú kan. Ìfẹ́ ni. Ìfẹ́ náà ló sì fi gbé ìgò oògùn náà sórí àpótí gíga tí ọwọ́ Kanlaya kò lè tó.

Ó ní oògùn náà ń mú kó máa sùn, kó máa sọ ìsọkúsọ. Ó sì rí bẹ́ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀: Kanlaya pe èmi ní orúkọ ìyá rẹ̀ tó ti kú. Ẹ̀rù ba Ko Thawat. Lọ́dọ̀ wa, a gbà pé bí iyè èèyàn bá ṣe rí nígbà tí ẹ̀mí ń jáde ni ọ̀nà tí yóò gbà lọ yóò ṣe rí. Kò fẹ́ kí ìyàwó òun ṣìnà.

Ọ̀rọ̀ náà di ìjà ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Mò ń ká aṣọ lọ́wọ́ nínú yàrá náà.

"Pa," ni Orathai sọ fún bàbá rẹ̀, "dókítà ní ká máa fún màámi lóògùn kí ìrora tó dé. Tó bá ti dé tán, ó ti pẹ́ jù."

"Dókítà ò gún ọ̀pá irin lẹ́rẹ̀kẹ́ rí."

"Màámi náà ò gún un rí."

"Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ́ ọ. O rò pé mi ò mọ ohun tí mò ń sọ? Mo ti rìn nínú iná rí, Orathai. Ìrora ò sí lára. Ọkàn ló wà."

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ rìn nínú iná o, Pa. Òrìṣà yín ni. Òrìṣà wo ló gun màámi?"

Ko Thawat kò tíì gba irú èsì bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọmọ rẹ̀ rí. Kanlaya ló sọ̀rọ̀, láti orí ibùsùn, pẹ̀lú ohùn tó tín-ín-rín:

"Orathai, fi bàbá ẹ sílẹ̀. Mo lè mú un mọ́ra."

Láti ọjọ́ náà, Kanlaya kò ké mọ́. Obìnrin tí ìloro máa ń mú pariwo, ó dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n rán ẹnu rẹ̀. Tí mo bá fẹ́ yí i pa dà láti wẹ ẹ̀yìn rẹ̀, á fa etí aṣọ ìbora wọ ẹnu, á gé e mọ́ eyín, òógùn á bo iwájú orí rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí ọkọ rẹ̀ lọ sí èbúté, mo ní:

"Kanlaya, sunkún. Ko ò sí nílé."

Ó mi orí. "Ojú mi á wú. Á mọ̀."

"Kó mọ̀. Kí ló dé?"

"Je Phin, ohun kan ṣoṣo ni ọkùnrin yẹn mọ̀ láyé yàtọ̀ sí ẹ́ńjìnnì. Ohun náà ló mú wá fún mi yìí. Ṣé kí n sọ fún un pé kò ṣiṣẹ́?" Ó sinmi díẹ̀. "Mo ń mí bó ṣe ní kí n máa mí o. Ó ní kí n kúrò níbẹ̀. Mo wá ọ̀nà títí, Je. Mi ò rí ibi tí mo lè gbà jáde. Gbogbo mi ló wà níbí."

Ó kú nínú oṣù òjò, lọ́sàn-án gangan. Ko Thawat di ọwọ́ rẹ̀ mú. Kanlaya kò mí kanlẹ̀, kò kérora. Níbi ìsìnkú, bí àwọn èèyàn ṣe ń wọlé wá kí i, ó ń sọ fún wọn pé, "Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pátápátá. Ẹ ò gbọ́ kó kérora lẹ́ẹ̀kan." Orathai gbọ́ ọ nígbà àkọ́kọ́, ó gbọ́ ọ nígbà kejì. Ó dìde, ó jáde lọ dúró nínú òjò. Nígbà tí a sin ìyá rẹ̀ tán, ó pa dà sí Hat Yai, kò sì wá sílé mọ́.

Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ kì í bá wa ṣe ọdún oṣù kẹsàn-án, nítorí náà Ko Thawat jókòó sílé lọ́dún yẹn. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó pa dà sí ojúbọ. Sathit ọkọ mi wà lára àwọn tó máa ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ń bá a gbé orí irin náà, tí wọ́n ń nu ẹ̀jẹ̀. Ó sọ fún mi pé òrìṣà gùn ún láàárọ̀ yẹn bó ṣe máa ń gùn ún. Orí mì, ojú yí, wọ́n gún irin, kò mira.

Mo ti tẹ́ tábìlì síwájú ilé bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe, mo to ọsàn, òdòdó àti ife tíì kéékèèké sí i. Ìyíde náà dé. Báńgà ń dún gbàù gbàù, èéfín gba gbogbo títì. Àwọn elégùn ń kọjá, àwọn kan ń dúró, wọ́n ń mu tíì, wọ́n ń súre. Ko Thawat dúró níwájú tábìlì mi. Mo kúnlẹ̀, mo pàtẹ́wọ́ pọ̀, mo gbójú sókè.

Ẹni tó bá ti rí elégùn nítòsí mọ̀ pé ojú wọn kì í wo èèyàn. Á kàn gba ara rẹ kọjá bí ẹni ń wo nǹkan kan lẹ́yìn rẹ. Ojú tó wà níwájú mi lọ́jọ́ náà ń wò mí. Ó mọ̀ mí. Omi ń dà nínú rẹ̀, ó nawọ́ sí ife tíì, ó sì da tíì náà sórí ọsàn. Ohùn kan jáde láti ọ̀fun rẹ̀, ohùn gígùn kan tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú. Gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn mi dojú bolẹ̀, wọ́n ní òrìṣà ń súre.

Mo di aṣọ ọkọ mi mú. "Sathit, Ko Thawat ló wà níbẹ̀ yẹn. Kì í ṣe òrìṣà."

"Pa ẹnu ẹ mọ́, Phin. Èèwọ̀ ni."

Wọ́n sì mú un lọ. Ìyíde náà ṣì ku ìdajì. Ó rìn ín tán.

Lẹ́yìn-ò-rẹyìn ló sọ fún wa bó ṣe rí. Ó ní níbi ìyànà, kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa, ṣe ló dà bí ìgbà tí èèyàn jí lójú oorun, tó bá ara rẹ̀ lórí ààrò. Gbogbo nǹkan dé lẹ́ẹ̀kan náà: irin náà, bó ṣe wúwo, bó ṣe ń fa ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ní gbogbo ìṣísẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ọ̀dà gbígbóná. Ó mí wọlé, ó mí jáde. Ó gbìyànjú gbogbo ohun tó kọ́ Kanlaya, kò ràn án. Ó fẹ́ sọ fún wọn kí wọ́n yọ ọ́, ṣùgbọ́n irin ló wà lẹ́nu rẹ̀.

"Mo ń ké," ló sọ. "Bí mo ṣe ń ké, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kúnlẹ̀."

Nígbà tí wọ́n yọ irin náà ní ojúbọ, igbe tó ké mú kí àwọn tó ń lu agogo dáwọ́ dúró. Ẹ̀jẹ̀ kò dá, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ sí i rí. Èmi àti Sathit la gbé e lọ sí ọsibítù.

Dókítà ọ̀dọ́bìnrin kan ló rán ojú ọgbẹ́ rẹ̀. Ó fún un ní abẹ́rẹ́ tó ń pa ìrora, ó dúró dè é kó ràn kó tó bẹ̀rẹ̀. Ko Thawat kò tíì lè sọ̀rọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n kò lè dúró.

"Dókítà, ṣé irin tọdún yìí yàtọ̀ ni?"

"Bàbá, irin ò yàtọ̀. Ọgbẹ́ yìí náà ò yàtọ̀ sí àpá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀."

"Kí ló wá dé?"

"Àwa náà ò tíì mọ gbogbo rẹ̀ tán o. Ohun tí mo lè sọ ni pé ọgbẹ́ máa ń ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Iṣẹ́ yẹn ò tíì di ìrora lójú ọ̀nà. Ìgbà tó bá dé ọpọlọ, tó bá ẹni tó máa gbà á nílé, ló ń di ìrora. Nígbà tí òrìṣà bá gùn yín, iṣẹ́ ń dé o, ó ń kanlẹ̀kùn, ẹ̀yin lẹ ò sí nílé. Lónìí, ẹ wà nílé."

Ko Thawat gbójú sókè sí òrùlé. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ, mo fẹ́ kó dúró níbẹ̀.

"Ẹni tí jẹjẹrẹ wọ inú egungun rẹ̀," ló sọ, "tí kò kérora, tó dákẹ́ títí ó fi kú. Ẹni yẹn náà ò sí nílé, àbí?"

Dókítà náà wò mí, bíi pé kí n sọ fún un ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó tún yíjú sí Ko Thawat.

"Ṣé ó ń dá yín lóhùn tí ẹ bá bá a sọ̀rọ̀?"

"Títí di òpin. Iyè rẹ̀ pé. Èmi ni mo ní kó pé."

"Bàbá, ẹni tí iyè rẹ̀ pé, ó wà nílé. Dídákẹ́ kì í ṣe àìmọ̀ ọ́n lára."

Nígbà tí dókítà rán ojú ọgbẹ́ náà tán, a mú un lọ sílé.

Ní ọjọ́ kejì, mo gbé ẹ̀kọ ìrẹsì lọ fún un. Orí ibùsùn Kanlaya ni mo bá a, ó jókòó, ó fi báńdéèjì di ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì.

"Phin, nígbà tí o bá ń wẹ̀ ẹ́, ṣé ó máa ń sunkún?"

Mo lè ní rárá, kí n parí rẹ̀ síbẹ̀. Ahọ́n mi ti fẹ́ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo ti rí ojú rẹ̀ níwájú tábìlì mi, n kò sì lè tàn án.

"Kì í sunkún, Ko. Aṣọ ìbora ló máa ń gé jẹ. Ó ní òun wá ọ̀nà tí òun lè gbà kúrò níbẹ̀, òun ò rí i. Kò fẹ́ kí ẹ mọ̀."

Ó mi orí, ó tún mi orí. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó sì ń fi ọwọ́ méjèèjì di báńdéèjì náà mú, nítorí pé ẹkún ń fa ojú ọgbẹ́ rẹ̀. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Gbogbo àgbà ìlú pé, wọn ò rí oògùn rẹ̀.

Orathai kì í gbé fóònù rẹ̀, nítorí náà Ko Thawat bẹ̀ mí kí n bá òun lọ sí Hat Yai. Ọmọ náà ṣílẹ̀kùn, ó rí ojú bàbá rẹ̀, ó sún sẹ́yìn kí a wọlé. Ó bu omi fún wa bí ẹni ń bu omi fún àlejò. Ko Thawat kò mu ún. Ó pàtẹ́wọ́ pọ̀, ó gbé e sókè dé iwájú orí, ó sì tẹrí ba fún ọmọ tó bí. Lọ́dọ̀ wa, bàbá kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

"Pa, ẹ dákun, ẹ gbé ọwọ́ yín sílẹ̀."

"Mo fi ìyá ẹ sílẹ̀ nínú iná," ló sọ. "Mo jókòó tì í, mo ń wò ó, mo ń sọ fún un pé kò gbóná."

Orathai jókòó.

"Mo ti ro ó lọ́pọ̀ ìgbà pé bí ẹ bá béèrè, màá purọ́ fún yín. Màá ní mò ń gun àga, mò ń gbé ìgò yẹn sọ̀kalẹ̀, mo sì ń fún wọn tí ẹ bá ti lọ sí èbúté. Ọkàn yín á fúyẹ́." Ó nu imú rẹ̀. "Mo gbé e sọ̀kalẹ̀ lóòótọ́, Pa. Mo gbé ṣíbí dé ẹnu wọn. Wọ́n yíjú sí ògiri. Wọ́n ní ẹ máa mọ̀ lójú àwọn. Mo bínú sí yín. Mo bínú sí àwọn náà, tiwọn ló sì ṣòro jù, torí wọn ò sí níbẹ̀ kí n bá wọn jà."

"Èmi ni kó o máa bínú sí. Má bínú sí i."

"Ẹ ò lè bá mi pín in báyẹn, Pa."

Orathai dìde, ó se ẹ̀kọ ìrẹsì, ó ro ó kó dẹ̀, ó fẹ́ ẹ kó tutù nítorí ẹnu bàbá rẹ̀, ó sì gbé e síwájú rẹ̀. Bàbá rẹ̀ jẹ ẹ́ tán. A wọ bọ́ọ̀sì pa dà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ko Thawat lọ bá àwọn àgbà ojúbọ pé kí wọ́n tú òun sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ elégùn, wọ́n sì ṣe ètùtù rẹ̀. Àwọn kan ní ọjà ń sọ pé ó fi ìkọ̀kọ̀ jẹ ẹran nígbà àwẹ̀ ni òrìṣà fi já a sílẹ̀. Ẹnìkan sọ ọ́ sí i létí ní èbúté, ó ní, "Ko, ṣé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ yẹn tilẹ̀ dùn?" Ko Thawat ń bá ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lọ.

Orathai máa ń wá sílé báyìí, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, nígbà tí a bá ń ro oko orí ibojì àwọn òkú wa. Wọ́n jọ ń lọ sí ibojì Kanlaya. Òun á máa gé koríko, bàbá rẹ̀ á máa di agboòrùn mú lé e lórí. Mo ti bá wọn lọ rí. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ oúnjẹ, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́.

Lọ́dún tó kọjá, nígbà ọdún, èmi àti Ko Thawat jọ wà ní ilé ìdáná ojúbọ, à ń bó kókò tí wọ́n máa din. A ń gbọ́ báńgà lọ́ọ̀ọ́kán. Mo bi í pé ṣé òun àti ọmọ rẹ̀ ti parí ọ̀rọ̀.

"Ó máa ń wù mí kí n bi í bóyá ó ti dárí jì mí," ló sọ. "Mi ò bi í. Tí mo bá bi í, á ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá ẹ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ni ló máa ń sọ fún mi."

Ó mú kókò mìíràn nínú agbọ̀n, ó ń bó o.